Kúpì Awọ Tí Ó Gba Ẹ̀yìnkùlé Jáde

Puducherry,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹrin, 2018

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ooru. Mo mọ̀ pé ooru Kannauj á ti bẹ̀rẹ̀ sí í fojú àwọn èèyàn rí màbo báyìí, ẹ̀yin á sì tún wà nídìí iná. Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fúyẹ́? Ìyá ńkọ́? Èmi náà wà. Mò ń jẹun, ẹ má bínú sí ìrẹsì tí mò ń jẹ láràárọ̀. Ohun tí wọ́n ń jẹ níhìn-ín nìyẹn, kò sì tíì pa mí.

Ìyá ló ní kí n kọ̀wé, kí n má pe fóònù. Ó ní láti ìgbà tí èmi àti ẹ̀yin ti pariwo mọ́ra wa lọ́jọ́ ọdún Dìwálì títí ará ilé kejì fi wá kanlẹ̀kùn, òun ò fẹ́ gbọ́ ohùn àwa méjèèjì lórí ẹ̀rọ mọ́. Ó ní bébà kì í pariwo. Mo gbà fún un.

Ìròyìn ayọ̀ ni mo gbé wá. Àwọn ará Jámánì tí mo sọ fún yín, àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù káàkiri ìlú wọn, ti gbóòórùn òróró ilẹ̀ yín, èyí tí ẹ ń fi amọ̀ sísun ṣe. Selvi tí a jọ dá iléeṣẹ́ yìí sílẹ̀ ló gbé e lọ fún wọn. Ó ní obìnrin tó kọ́kọ́ gbé e símú dijú, ó ní òun rántí àgbàlá ìyá òun àgbà nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ilẹ̀. Ará Jámánì o, Bàbá! Wọ́n fẹ́ kí a máa fi sínú ọṣẹ, kí a fi sínú òróró ìpara, kí a sì máa rọ ọ́ sínú ìgò kékeré bíi lọ́fínńdà. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá bọ́ sí i, iléeṣẹ́ wa ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá bọ́ sí i, àwọn obìnrin tó ń bá wa se ọṣẹ á padà sílé wọn, èmi náà á sì fi ojú ìtìjú padà wá bá yín.

Àwọn èèyàn náà le díẹ̀. Wọn ò fẹ́ ohun tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe, wọn ò fẹ́ kí a rẹ́ òṣìṣẹ́ kankan jẹ, wọn ò sì fẹ́ ohunkóhun tó ti ara ẹranko wá: kò sí oyin, kò sí wàrà, kò sí ọ̀rá. Mo ti fọwọ́ sí ìwé fún wọn. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi fọwọ́ sí i, nítorí mo mọ ilé tí mo ti wá. Ilé tí a kì í jẹ ẹran, tí a kì í se àlùbọ́sà pàápàá, ta ni yóò bá ọ̀rá ẹran níbẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Ìyá fi fóònù ya àwòrán yín ní ṣẹ́ẹ̀dì, kó fi ránṣẹ́ sí mi. Àwọn ará Jámánì fẹ́ rí ojú ẹni tó ń ṣe òróró náà. Àwòrán náà kì í pariwo.

Ọmọ yín,
Madhulika


Kannauj,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹrin

Madhu ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kí ọ, mo kí Selvi, mo kí ìrẹsì tí ẹ fi ń ṣe oúnjẹ àárọ̀. Ẹsẹ̀ mi ò fúyẹ́. Ọmọ tó bá fẹ́ mọ bí ẹsẹ̀ bàbá òun ṣe rí, ọkọ̀ ojú irin ló ń wọ̀ wá wò ó, kì í bi bébà.

Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ àwọn ará Jámánì. N kò ní purọ́ pé inú mi ò dùn. Ṣùgbọ́n sọ fún wọn pé òróró ilẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń kánjú ṣe. A ti gbẹ́ amọ̀ létí adágún kí ilẹ̀ tó le jù. Amọ̀kòkò ti sun ún ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, a sì ti ń kó o sínú ìkòkò bàbà láràárọ̀, a ń fi òwú àti ẹrẹ̀ dí ẹnu rẹ̀ kí ooru má baà sá. Bí ooru náà ṣe ń gba inú ọparun kọjá lọ bá òróró igi sáńdálì nínú ìkòkò kejì, kò sí ẹ̀rọ kankan tó lè sọ fún ènìyàn pé iná ti pọ̀ jù. Àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi ń wò ó. Ọdún yìí dára. Amọ̀ náà dára. Bí òjò ò bá tètè dé, wàá rí òróró tó pọ̀.

Wá sílé. Bàbá rẹ ni mo jẹ́, n kì í ṣe oníbàárà rẹ.

Girdhari

Ìyá rẹ rèé, mo gba bíírò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti ya àwòrán náà, wàá rí i lórí fóònù. Kò jẹ́ kí n yà á àfìgbà tó lọ wọ ẹ̀wù kúrítà funfun. Munawwar náà wà níbẹ̀, ó gbé kúpì tuntun wá fún òróró ọdún yìí, ni àwọn méjèèjì bá dúró gbọnin gbọnin bí ọkọ ìyàwó. Máa jẹun dáadáa.


Puducherry,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹrin

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka lẹ́tà yìí, kí ẹ sì kà á dé òpin kí ẹ tó bínú.

Àwòrán náà dé. Ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín, Bàbá wa Munawwar, ẹ rẹwà. Mo fi han gbogbo àwọn obìnrin wa, wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé ibo ni mo ti rí imú tèmi nígbà tí bàbá mi rí báyìí. Selvi bá gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó sún un mọ́ ojú.

Ó ní, “Madhu, kí ni nǹkan rọ̀bọ̀tọ̀ tí wọ́n gbé dání yìí?”

Mo ní, “Kúpì ni.”

“Kí ló ń jẹ́ kúpì?”

“Ohun tí a ń da òróró sí kó lè gbó. Inú oòrùn ni wọ́n máa gbé e sí.”

“Mo gbọ́. Kí ni wọ́n fi ṣe é?”

Bàbá, mo ní, “Awọ ràkúnmí,” kí n tó gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ. Àárín kúpì ni ẹ bí mi sí. Mo ti gbé kúpì òfìfo lọ́wọ́ rí, tí mò ń rẹ̀ ẹ́ bí ọmọ jòjòló. Lójú mi, kúpì ni kúpì. Mo mọ̀ pé awọ ràkúnmí ni, ta ni kò mọ̀ ọ́n ní Kannauj? Mo mọ̀ ọ́n, mi ò kàn rò ó rí ni. Nígbà tí mò ń fọwọ́ sí ìwé àwọn ará Jámánì pé ohun tó ti ara ẹranko wá ò kan òróró wa, kò sí irọ́ kankan lọ́kàn mi.

Selvi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, “O sì ti fọwọ́ sí i.” Kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo.

A ti tẹ̀ ẹ́ sára ìgò, Bàbá, pé kò sí ohun tó ti ara ẹranko wá nínú rẹ̀. Lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà. Ọkàn mi ò balẹ̀ láti ọjọ́ náà. Mo ti ní kí wọ́n gbé ìkòkò irin tí kì í dípẹtà wá fún yín láti Kanpur. Ẹ jọ̀ọ́, òróró ọdún yìí, ẹ má dà á sínú kúpì. Ẹ dà á sínú irin náà. Ìyẹn nìkan ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Madhu yín


Kannauj,
Ọjọ́ kejì, oṣù Karùn-ún

Madhulika,

Mo kà á dé òpin. Mo wá bínú.

Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Èmi Girdhari tí ẹyin ò kan ẹnu mi rí, tí ìyá rẹ máa ń fọ ṣíbí lẹ́ẹ̀mejì bí àlejò bá fi kan àlùbọ́sà, èmi ni ọmọ bíbí inú mi kọ̀wé sí pé òróró mi ò mọ́. Ṣé o sọ fún àwọn ará Jámánì rẹ pé igbẹ́ màlúù wà nínú ohun tí a fi ń dáná? Ṣé o bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fi ṣe bàtà ẹsẹ̀ wọn?

Jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ọ bí ẹni pé Jámánì ni wọ́n bí ọ sí. Òróró tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, omi wà nínú rẹ̀. Tí o bá dà á sínú ìgò tàbí irin, omi náà ò ríbi gbà jáde. Á jókòó síbẹ̀, á máa ba òórùn jẹ́, títí òróró á fi máa rùn bí aṣọ tí wọ́n ká kó tó gbẹ. Awọ ní tirẹ̀ máa ń làágùn. Kúpì á làágùn omi dànù nínú oòrùn, á sì di òróró mú. Dinesh ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ ara rẹ̀ di ọlàjú, ó kó tirẹ̀ sínú ìgò. Gọ́tà ló dà á sí nígbẹ̀yìn. Ìkòkò irin rẹ ti dé láti Kanpur, o ṣeun. Ìyá rẹ ń kó ìyẹ̀fun sí i.

Ohun kejì. O gbàgbé Munawwar. Bàbá rẹ̀ ló ń rán kúpì fún bàbá mi. Òun àti ọmọ rẹ̀ nìkan ló kù tó ń rán an ní àdúgbò wọn. Lọ́dún tó kọjá, àwọn géńdé kan dá ọmọlanke àbúrò rẹ̀ dúró lójú títì nítorí awọ tó wà nínú rẹ̀. Wọn ò bi í bóyá awọ màlúù, ẹran mímọ́ wa, ni tàbí ti ràkúnmí. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n bi í, wọ́n gbọ́ pé Mùsùlùmí ni, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú, apá rẹ̀ kán. Láti ìgbà náà, àwọn tó ń ra kúpì ti ń fà sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn kì í sọ ìdí. Wọ́n á kàn ní ike ti dé, ike ò wọ́n. Èmi nìkan ló ṣẹ́kù ní òpópónà wa. Ṣé kí èmi náà wá fà sẹ́yìn nítorí ìwé tó lẹ̀ mọ́ ara ìgò?

N kò ní ṣe é. Kọ ohun mìíràn sára ìgò rẹ.

Bàbá rẹ


Puducherry,
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Karùn-ún

Bàbá mi,

Mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Òótọ́ lẹ sọ, mi ò ní bá yín jiyàn. Mo kọ lẹ́tà ìjiyàn kan, mo fà á ya.

Ọ̀rọ̀ ti kọjá ibi tí a fi í sí. Àwọn ará Jámánì ń rán ènìyàn bọ̀ wá sí Kannauj fúnra wọn. Lorenz ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí ló máa dé ọ̀dọ̀ yín, òun àti ògbufọ̀. Ó fẹ́ rí ṣẹ́ẹ̀dì láti ibi iná títí dé ibi tí òróró ń gbé. Bí ó bá fọwọ́ sí i, wọ́n á kó gbogbo ohun tí a bá ṣe. Bí kò bá fọwọ́ sí i, wọ́n á dá gbogbo ọjà wa padà, wọ́n á sì sọ ọ́ fún àwọn yòókù tó ń ra ọṣẹ wa pé òpùrọ́ ni wá.

Selvi ní kí n kọ̀wé sí wọn kí n sọ òótọ́ kí ọkùnrin náà tó wọkọ̀. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo kọ “Ẹ forí jì wá,” mo pa á rẹ́. Mo wo àwọn obìnrin tó ń gé ọṣẹ lẹ́yìn mi, ìkan nínú wọn ń kọrin. Mi ò lè ṣe é.

Bàbá, ọjọ́ kan péré. Ọjọ́ tí ọkùnrin yẹn bá wá, ẹ má jẹ́ kí kúpì kankan wà ní ṣẹ́ẹ̀dì. Ẹ gba ìkòkò irin lọ́wọ́ Ìyá, kí ẹ tò ó síbẹ̀. Bí ó bá bi yín pé inú kí ni òróró ń gbé, ẹ ní irin. Tó bá ti lọ, kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ padà, mi ò tún ní sọ̀rọ̀ kúpì sí yín mọ́ láé.

Mo mọ ohun tí mo ní kí ẹ ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ nà mí nítorí pé mo ní mo ti wẹ̀ nígbà tí mi ò tíì wẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lésì. Bí ẹ ò bá fẹ́ ṣe é, ẹ sọ fún mi, kí n mọ ibi tí mo dúró.

Madhu


Puducherry,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ ò fèsì. Mò ń lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ láràárọ̀, obìnrin ibẹ̀ ti mọ̀ mí, kí n tó dé ìdí fèrèsé rẹ̀ ló ti ń mi orí.

Lorenz ti padà sílé. Ó kọ̀wé sí wa. Ó fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀! Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun ò tíì rí olóòótọ́ èèyàn bíi bàbá mi. Ó fi àwòrán yín sí i, ẹ dúró láàárín àwọn ìkòkò irin. Ẹ kò rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Àwọn obìnrin wa jó. Èmi náà jó díẹ̀, mo wá lọ jókòó sí ẹ̀yìn ilé.

Mo pe Ìyá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti fòfin de fóònù. Ó ní, “Bàbá rẹ ò ṣàìsàn,” ó sì pa fóònù. Kí ni ìtumọ̀ ìyẹn? Ta ló bèèrè bóyá ẹ ṣàìsàn? Bí ẹ bá ń bínú sí mi, ẹ kọ ìbínú yẹn sínú bébà kí n rí i kà. Ẹ bú mi. Ìdákẹ́jẹ́ yín ń dẹ́rù bà mí ju èébú lọ.

Madhu yín


Kannauj,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹfà

Madhu,

Ìyá rẹ ni. Bàbá rẹ ò ní kọ̀wé, èmi ni mo gbé bíírò. Ìkọ̀wé mi ò dára, fara balẹ̀ kà á.

Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé, ó kà á, ó ká a, ó fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Ọjọ́ ń lọ. Nígbà tó ku ọ̀la kí òyìnbó dé, ó lọ sílé Munawwar. Mo tẹ̀ lé e nítorí ojú rẹ̀ ò dára. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò jókòó. Ó ní, “Wá kó àwọn kúpì kúrò ní ṣẹ́ẹ̀dì mi lónìí.”

Munawwar rò pé ó ń ṣeré. Ó ní, “Ṣé wọ́n ń jò ni? Èmi ni mo rán wọn, wọn ò lè jò.”

Bàbá rẹ ní, “Wọn ò jò. Kó wọn lọ. Gba ẹ̀yìnkùlé, kẹ́nikẹ́ni má rí ọ.”

Madhu, kò lè sọ ìdí rẹ̀. Báwo ni yóò ṣe lanu sọ fún ẹni tó ń rán awọ pé ọmọ òun ní awọ ò mọ́? Munawwar wò ó títí. Ó ní, “Girdhari, ta ló wá halẹ̀ mọ́ ọ?”

Bàbá rẹ ní, “Kò sẹ́ni tó wá.”

“Kò sẹ́ni tó wá,” Munawwar tún un sọ. Ó ní, “Ìwọ náà, Girdhari?”

Òun àti ọmọ rẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé wa wọlé, wọ́n da òróró inú kúpì sínú ìkòkò irin tí mo ti fọ ìyẹ̀fun kúrò nínú rẹ̀, wọ́n kó kúpì sórí ọmọlanke, wọ́n fi ẹní bò ó bí òkú. Wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ọkùnrin tó ti ń gba iwájú ilé wa wọlé láti kékeré.

Lọ́jọ́ kejì, òyìnbó dé. Ó mu lásì tí mo fi wàrà pò fún un, ó ya àwòrán. Ó bi í pé inú kí ni òróró ń gbé. Bàbá rẹ ní irin ni, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò jáde, ògbufọ̀ ní òun ò gbọ́. Ó tún un sọ.

Láti ọjọ́ náà, kò dáná mọ́. Òjò ò tíì rọ̀, amọ̀ tí wọ́n sun wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ, òróró inú irin sì ti ń dà bí omi ìrẹsì lójú. Kò bìkítà. Ó lọ sọ́dọ̀ Munawwar pé kí ó kó kúpì padà wá. Ọmọ Munawwar ló jáde sí i. Ó ní, “Bàbá ní àwọn ò ta kúpì fún ilé yín mọ́.”

O ní kí a bú ọ. N kò ní bú ọ. Ìbéèrè kan ni mo ní. O sọ pé ẹ kọ ọ́ fún àwọn ará Jámánì pé ẹ ò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Munawwar ńkọ́?

Ìyá rẹ


Puducherry,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹfà

Bàbá mi, Ìyá mi,

Lẹ́tà Ìyá dé lánàá. Mo kà á lójú títì, mi ò lè dúró dé ilé.

Mo ti kọ̀wé sí Lorenz. Mo sọ gbogbo rẹ̀: kúpì, awọ, ìkòkò ìyẹ̀fun, àti pé èmi ni mo ní kí bàbá mi purọ́. Selvi kà á kí n tó fi ránṣẹ́, ó kọ orúkọ tirẹ̀ sábẹ́ orúkọ mi, ó ní àwa méjèèjì la jọ ni iléeṣẹ́. Èsì dé kíákíá. Wọ́n ti dá ọjà dúró. Wọ́n ní àwọn á ṣèpàdé lórí wa, àwọn á jẹ́ ká mọ̀ bóyá wọ́n ṣì lè gba ọṣẹ wa tí kò ní òróró ilẹ̀ nínú. Títí di ìgbà náà, ìdajì ọjọ́ ni àwọn obìnrin wa ń ṣiṣẹ́. Èyí tó máa ń kọrin ò kọrin mọ́. Mi ò mọ̀ bóyá iléeṣẹ́ yìí á ṣì wà lẹ́yìn òjò. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní parọ́ fún yín.

Mo fi bébà kan sínú àpò ìwé yìí fún Bàbá wa Munawwar. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á fún wọn. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sẹ́ni tó halẹ̀ mọ́ yín, pé ọ̀rọ̀ náà kò kan orúkọ wọn tàbí bí wọ́n ṣe ń kírun, pé èmi tí wọ́n gbé jó ní kékeré ni mo ní kí kúpì kúrò nílẹ̀ nítorí pé mo fẹ́ dára lójú àwọn àjèjì. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bínú sí èmi.

Mò ń bọ̀ nílé lópin oṣù tó ń bọ̀ bí ẹ bá gbà kí n wá.

Madhu


Kannauj,
Ọjọ́ kejì, oṣù Keje

Madhu ọmọ mi,

Orí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà Munawwar ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, orí eékún mi ni mo tẹ́ bébà sí, nítorí náà bí ìlà mi bá wọ́, fara dà á.

Mo ka ìwé rẹ fún un. Kò ní kí n wọlé, mo kà á lórí ìdúró. Ó gbọ́ ọ dé òpin. Ó ní, “Ọmọ náà ṣe dáadáa. Sọ fún un pé mo ní ó ṣe dáadáa.”

Mo ní, “Ó ti parí nìyẹn?”

Ó ní, “Ti ọmọ ti parí. Ọmọ ní kí kúpì kúrò ní ṣẹ́ẹ̀dì. Ṣé ọmọ ló ní kí n gba ẹ̀yìnkùlé?”

Mo ká ìwé rẹ sí méjì.

Ó ní, “Ẹ̀yìnkùlé yẹn, tìẹ ni, Girdhari.” Ó tilẹ̀kùn.

Mo padà sílé, mo yẹ lẹ́tà rẹ wò bóyá màá rí ẹ̀yìnkùlé níbẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Ta ni mò ń sá fún lọ́jọ́ náà? Lorenz ò tíì dé, kò sì ní dá Munawwar mọ̀ yàtọ̀ sí ẹlòmíràn tó bá rí i lójú títì. Àwọn géńdé wọ̀nyẹn ni mò ń sá fún, Madhu. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣẹ́ apá àbúrò rẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rù, tí mò ń fi ẹnu ṣe akin. Nígbà tí o ní kí kúpì kúrò nílé mi, mo bínú, ṣùgbọ́n ara mi fúyẹ́. Mo rí ẹni tí màá di ẹ̀bi náà rù. Ìyá rẹ ò mọ èyí. Munawwar mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, nítorí ó mọ̀ mí.

Nítorí náà, àárọ̀ àárọ̀ ni mo ń wá jókòó síbí. Iwájú ilé rẹ̀ ni, lójú títì gan-an, níbi tí tọmọdé tàgbà ti ń rí mi. Àwọn kan lára àwọn géńdé náà kọjá lórí alùpùpù lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n dẹwọ́ eré, wọ́n ní, “Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?” Mo ní mò ń dúró de ọ̀rẹ́ mi. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n lọ. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á padà wá.

Wá sílé. Mi ò ní kí o mú ìròyìn rere dání. Bí àwọn ará Jámánì bá gbà, ẹ wá. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ wá, ìwọ àti Selvi, kó wá wo ohun tó ń jẹ́ kúpì.

Lánàá, Munawwar gbé tíì jáde, ife kan ṣoṣo. Ó jókòó sí ìkángun àtẹ̀gùn lọ́hùn-ún, ó mu ún tán lójú mi, ó wọlé. Lónìí, ife méjì ló gbé jáde. Ó gbé ọ̀kan sílẹ̀ láàárín wa. Kò sọ pé tèmi ni, kò sì sọ pé kì í ṣe tèmi. Títì ló ń wò. Tíì náà ti ń tutù, mi ò tíì fọwọ́ kàn án, mò ń kọ̀wé sí ọ.

Bàbá rẹ,
Girdhari